Bí ẹ bá fẹ́ gbé òkúta ìrántí òmìnira Nàìjíríà kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan jọ, ẹ kọ ohun tí òkúta náà máa sọ sílẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i. Èmi ni akọ̀wé nígbà tí a ṣe tiwa. A rí owó kó jọ. Ọ̀rọ̀ mélòó kan ló gba ìpàdé mẹ́rin lọ́wọ́ wa.

Àwa Yorùbá ní kí a kọ "Òmìnira". Ará Kano kan ní, "'Yanci" ńkọ́? Màmá Igbo tó ń se oúnjẹ ìpàdé fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní òun ò rí "Nnwere onwe" níbẹ̀. Ìgbà tí bàbá kan láti Edo wúkọ́, kó tó sọ̀rọ̀ ni alága ti dìde. Èdè ilé wa lé ní 500. Òkúta wo ló máa gbà á? Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyí: ọjọ́ náà, 1 October 1960, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ó tán. Èdè yòókù, ẹnu la fi sọ wọ́n lọ́jọ́ tí a ṣí i, oníkálukú gbàdúrà bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Ẹ jìnnà sí orúkọ olóṣèlú. Bí ẹ bá kọ Awólọ́wọ̀, Azikiwe àti Balewa, ẹnìkan á bi yín léèrè Enahoro, tó gbé àbá ìjọba ara-ẹni wọ ilé aṣòfin ní 1953. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára tiwa: Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tó wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1925. Gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹgbẹ́ náà wà fún, ìdí nìyẹn tí Kano àti Edo fi gbà. Ó kú ní 1958, òmìnira ku ọdún méjì.

Ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó yan ibẹ̀. Páàkì, káńsù ló sábà máa ń ni ín. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé tí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé àtijọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ kan nǹkan mọ́ ọn láìgba àṣẹ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ sínú ìwé, torí èérí òjò ìlú yìí kì í yá bọ́.

Àsíá ńkọ́? Táíwò Akínkúnmi, tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ló yà á. Ó fi oòrùn pupa sáàárín funfun, àwọn ìgbìmọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ẹ sọ fún akunlé yín pé òòró ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Tiwa ti fẹ́ fà á ní ìbú, mo kígbe.

Ibi tí mo ti jìyà jù ni àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà ẹni tó gbẹ́ tiwa sọ Ṣólàńkẹ́ di Solanke, ó sì ní bí òun ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásán. Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó tóbi tó òkúta, kí ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn kan máa ń gba owó lórí lẹ́tà. Ẹ béèrè bóyá àmì náà ní owó tirẹ̀.

Nípa orin, ẹ pín ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè náà, ní lẹ́tà ńláńlá. Èyí tí a kọ ní 1960 ni ìjọba dá padà ní 2024. Àwọn bàbá àti màmá wa kọ ọ́ láìwobẹ̀. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú ti 1978 là ń tẹjú mọ́ bébà.