Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Sípíríǹgì àti Ṣọ́kì Tí Yóò Gbé Píkọ́ọ̀pù Yín Ga

Ní Òṣogbo yìí, ẹni tó bá ní Hilux tàbí L200 kì í fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láàárọ̀, ó gba Ọláìyá kọjá, ó gbé ọmọ lọ sílé ìwé ní Ògo-Olúwa, ó forí lé Abẹ́rẹ̀ níbi iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, mọ́tò kan náà ló ń kó sìmẹ́ńtì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tàbí kó wọ oko lọ́nà Ìfọ́n lọ kó iṣu. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta sípíríǹgì, "íǹṣì mélòó lẹ fẹ́?" ni yóò kọ́kọ́ bi yín. Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹrù tó ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín lọ́pọ̀ ìgbà ló yẹ kó yan sípíríǹgì fún yín. Gíga á tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ náà

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe gbé ga, kò kúrú rárá. Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ta ló sì mọ ohun tí wọ́n ti gbé lé e lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, bí ojú ilẹ̀ iléepo. Ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ kó gbogbo ẹrù ẹ̀yìn kúrò, ẹ jẹ́ kí fọganáísà fẹ́ táyà bó ṣe yẹ. Kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín họ́ọ̀bù táyà lọ sí etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀ gan-an, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tó ti jẹ lè tàn yín. Tí ọ̀tún àti òsì bá yàtọ̀ síra gan-an, tàbí tí sípíríǹgì pẹlẹbẹ ẹ̀yìn, tí àwọn mekáníìkì ń pè ní líìfù, bá ti tẹ̀ sódì nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Sípíríǹgì tuntun tí gíga rẹ̀ kò ju ti ilé iṣẹ́ lọ, pẹ̀lú ṣọ́kì tuntun (èyí tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò ṣáá) àti búùṣì tuntun (rọ́bà tó ń wà ní oríkèé wọn), lè dá gbogbo ohun tó sọnù padà. Ẹlòmíì á ṣe èyí tán, á sì gbàgbé pé òun ń wá gíga.

Wọ́n á gbà yín nímọ̀ràn pé kí alágbẹ̀dẹ fi iná tẹ líìfù náà padà. Ẹ má gbà. Iná ni wọ́n fi ṣètò líle tó wà lára irin sípíríǹgì nílé iṣẹ́. Tí wọ́n bá tún fi iná pọ́n ọn títí tó fi pupa, tí wọn ò sì mọ bí a ṣe ń dá líle náà padà, á ga fúngbà díẹ̀, á tún wolẹ̀, tàbí kó kán mọ́ ẹrù lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Bákan náà ni rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín kọ́ìlì, ìyẹn sípíríǹgì kíká tó wà níwájú: ó gbé ọkọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí rọ́bà náà dì mú kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù ló máa gba gbogbo ìyà.

Ẹ ṣírò ẹrù yín

Sìmẹ́ńtì ló mú ìṣirò yìí rọrùn, torí 50 kg ni àpò kan. Àpò 10 jẹ́ 500 kg. Àpò 20 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn sì ti kan òpin ohun tí àwọn píkọ́ọ̀pù irú Hilux lè gbé. Oníyàrá méjì, ìyẹn double cabin onílẹ̀kùn mẹ́rin, tiẹ̀ sábà máa ń dín sí i. Ẹ tún rántí pé èèyàn tó jókòó sínú ọkọ̀ wà lára ẹrù.

Ẹ pín ẹrù yín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kì í kúrò níbẹ̀: irin ààbò iwájú, ìbòrí ẹ̀yìn, àpótí irinṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ kiri. Èkejì ni èyí tó ń wá tó sì ń lọ. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi yan sípíríǹgì. Àwọn ilé iṣẹ́ Australia tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, bí Old Man Emu àti Ironman 4x4, máa ń pín líìfù ẹ̀yìn sí ìpele: ti ọkọ̀ tó sábà máa ń ṣófo, ti ọkọ̀ tí nǹkan bí 300 kg máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ títí, àti ti èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Nítorí sìmẹ́ńtì ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, èèyàn á ra èyí tó le jù, á wá máa fi ọkọ̀ òfìfo gun bọ́ọ̀ńpì àdúgbò láàárọ̀ lálẹ́. Líìfù tó le kì í tẹ̀ láìsí ẹrù. Ńṣe ni ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fò, táyà á máa kúrò nílẹ̀ lójú gálọ́ọ̀pù, bíréèkì kò sì lè di ohun tí kò kan ilẹ̀ mú. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yọ̀ lójú kọ́nà kí ẹ tó mọ̀.

Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó ra ìpele tó fúyẹ́ tàbí ti àárín, kó sì rí i pé líìfù tó nípọn tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kankan tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ìgbà tí ẹrù bá tẹ àwọn yòókù wálẹ̀ ló ń gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, sípíríǹgì tó le kò sọ tọ́ọ̀nù kan di tọ́ọ̀nù méjì. Bíréèkì, ẹ́síìlì (irin tó so táyà méjì pọ̀), ṣásíì (egungun irin tó gbé ọkọ̀) àti táyà, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n wà.

Kí ló ń ha ilẹ̀?

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí àpá wà. Tó bá jẹ́ àárín ọkọ̀, irin tí a fi ń gùn ún wọlé, tàbí irin ìfàkọ̀ tó wà lẹ́yìn, sípíríǹgì tó ga á gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, torí ó ń gbé ṣásíì àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ dífù ẹ̀yìn, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin tó wà láàárín ẹ́síìlì, kò sí sípíríǹgì tó lè gbé e. Orí táyà ni ẹ́síìlì dúró lé. Táyà tó tóbi jù nìkan ló lè gbé e, ìdajì ohun tí ẹ bá sì fi kún gíga táyà ni ẹ máa rí. Ẹ jẹ́ ká mú 265/65R17 tó wọ́pọ̀: ó ga tó 776 mm láti òkè dé ilẹ̀. 265/70R17 ga tó 803 mm. Dífù yín á kúrò nílẹ̀ ní 13 mm sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mítà eré á sì máa parọ́: tó bá sọ pé 100, ẹ ti ń sá 103.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń ṣe, tí wọ́n á to ike tàbí rọ́bà sáàárín bọ́dì àti ṣásíì. Bọ́dì nìkan ló ń ga. Abẹ́ ọkọ̀ kò sún kúrò níbi tó wà. Ẹ fi owó yẹn ra epo.

Gíga mélòó?

Fún ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́, èrò tèmi ni pé 4 sí 5 cm ti tó, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 2. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀rù. Iwájú Hilux òde òní, Ranger, Navara àti L200, táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá dìde, apá irin méjì tí wọ́n ń pè ní áàmù ló dì í mú, tó bá sì jẹ́ 4x4, ṣáàfùtì kan ti inú dífù iwájú wá ń yí i. Dífù yẹn so mọ́ ṣásíì. Bí ẹ ṣe ń gbé ọkọ̀ ga, bẹ́ẹ̀ ni ṣáàfùtì ń tẹ̀ wálẹ̀, tí bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì òkè, ìyẹn oríkèé tó wà lẹ́nu áàmù òkè, sì ń sún mọ́ òpin ibi tó lè lọ. Tó bá fi lé ní íǹṣì 2 sí 2.5, rọ́bà ẹnu ṣáàfùtì á tètè ya, gíríìsì á dà nù, iyanrìn á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ íǹṣì 4 gbọ́dọ̀ ra áàmù mìíràn, kó sì sọ dífù iwájú kalẹ̀ pẹ̀lú irin tó yẹ. Ó ṣe é ṣe, àmọ́ owó rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ ilé ìwé.

Ẹ tún ro ti ìyá yín tó máa fi ìró àti bùbá gun ọkọ̀ náà lọ sóde. Ọkọ̀ tó ga a máa jẹ epo sí i, ó sì rọrùn fún un láti dojú dé tí wọ́n bá fi eré já kọ́nà. Ẹni tó sì rò pé 5 cm ti fún òun láyè láti wọ odò nígbà tí omi bá kún bo ọ̀nà, kó dúró níbi tó wà.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ohun tí ẹ ń rà

Ọ̀nà tó dára jù fún iwájú ni kọ́ìlì àti ṣọ́kì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ́ìlì gíga lórí ṣọ́kì àtijọ́ máa ń sọ ṣọ́kì di ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí táyà bá ti já sínú kòtò, kò ní àyè láti sọ̀kalẹ̀ mọ́, ẹ ó sì gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Sípésà, ìyẹn òrùka tó nípọn, ló pọ̀ jù lọ́jà, torí kò wọ́n. Orí ṣọ́kì ni wọ́n ń fi sí. Nítorí bí áàmù ṣe rí, èyí tó nípọn ní íǹṣì 1 lè gbé ọkọ̀ sún mọ́ íǹṣì 2, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oníǹṣì 2 sí i fún yín. Tí ṣọ́kì yín bá ṣì lágbára tí owó sì há, sípésà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe kò burú. Èyí tí wẹ́dà fi irin jó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ jìnnà sí i. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo tọ́ṣọ̀n báà (irin gbọọrọ tó ń lọ́, dípò kọ́ìlì) níwájú kò nílò nǹkan kan ju sípánà lọ láti ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní àṣejù. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ dúró. Land Cruiser 70 ní ẹ́síìlì gbọọrọ níwájú, òfin tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀yìn, odindi líìfù tuntun ni mo fara mọ́. Fífi líìfù kan kún ti tẹ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ó sì bá ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù mu. Ṣákù gígùn (irin kékeré tó so ìdí líìfù mọ́ ṣásíì) kò wù mí: tí ẹ bá fi íǹṣì 2 kún un, íǹṣì 1 péré ni ọkọ̀ á ga, ojú dífù á sì yí. Búlọ́ọ̀kù tó ń wà láàárín líìfù àti ẹ́síìlì ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó jẹ́ irin gidi, tí yúù-bọ́ọ̀tù rẹ̀ (bọ́ọ̀tù tó tẹ̀ bíi U, tó di líìfù mọ́ ẹ́síìlì) sì jẹ́ tuntun. Méjì lórí ara wọn, rárá. Lábẹ́ ẹ́síìlì iwájú, rárá o. Ẹ má lo yúù-bọ́ọ̀tù tí wọ́n tú. Ó ti nà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dì í.

Tí ẹ bá ń ránṣẹ́ ra nǹkan ní Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ fi nọ́ńbà ṣásíì ránṣẹ́, kì í ṣe ọdún ọkọ̀ nìkan. Ayédèrú ṣọ́kì pọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ bóyá ó bá ti inú páálí mu, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ irin àárín rẹ̀ wọlé: ó gbọ́dọ̀ le geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ibi tí yóò ti já wọlé lójijì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi sí i

Ẹ dúró tì wọ́n. Mekáníìkì tó bá fẹ́ di bọ́ọ̀tù búùṣì pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, ẹ sọ fún un pé kó dúró dìgbà tí táyà bá kan ilẹ̀, torí búùṣì tí wọ́n dì ní afẹ́fẹ́ á máa lọ́ lójoojúmọ́, kò sì ní pẹ́ ya. Kí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n wò ó bóyá hóòsì bíréèkì kò fà.

Ohun kan wà lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ mekáníìkì kì í bojú wò. Ọ̀pọ̀ Hilux ní fáàfù bíréèkì kan tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ẹ́síìlì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ẹrù wà. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ga, fáàfù náà á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, kódà nígbà tí àpò sìmẹ́ńtì 10 wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ibi tí irin yẹn so mọ́ sókè ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi ga.

Lẹ́yìn náà ni aláímẹ́ǹtì, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ èsì jáde sórí ìwé. Ẹ béèrè nọ́ńbà caster, ìyẹn bí ìdúró táyà iwájú ṣe fì sẹ́yìn, torí gbígbé iwájú ga máa ń dín in kù, ọwọ́ ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Tí wọ́n bá sọ pé ibi tó lè dé nìyẹn, áàmù òkè tuntun ni ẹ máa rà. Kí rewáyà tẹ iná iwájú wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà Gbọ̀ngán má baà ṣépè.

Lẹ́yìn nǹkan bí 500 km, ẹ padà lọ di yúù-bọ́ọ̀tù. Ẹ tún aláímẹ́ǹtì wò tí sípíríǹgì bá ti fìdí kalẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ "tà-tà-tà" nígbà tí ẹ bá ń yípo, ẹ yẹ ṣáàfùtì iwájú wò. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, pùròpẹ́là ni, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń yí dífù ẹ̀yìn. Bẹ́árìn tó dì í mú láàárín kò bá igun tuntun mu mọ́, irin pẹlẹbẹ díẹ̀ tí wọ́n bá fi sọ bẹ́árìn náà kalẹ̀ lára ṣásíì sábà máa ń mú un dákẹ́.