Bí páànù bá kọ̀ tí kò tẹ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá ń ya iṣẹ́ páànù nínú SolidWorks tàbí FreeCAD (ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà), tí flat pattern rẹ̀ (àwòrán páànù náà bó ṣe tẹ́ kí wọ́n tó ká a) kò jáde, kó má tíì pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ibi tó ti ká ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Bí páànù bá nípọn tó mm 2, tí radius inú (ìwọ̀n bí ibi tó ká ṣe rọ́ tó) jẹ́ 2, ti ìta gbọ́dọ̀ jẹ́ 4 géérégé. Fillet lásán (igun tí wọ́n kàn sọ di róbótó nínú àwòrán) ló sábà ń ba èyí jẹ́: inú 2, ìta náà 2, igun á wá nípọn tó nǹkan bíi mm 2.8. Kò lè tẹ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ yọ fillet yẹn, kí ẹ fi bend gan-an (irinṣẹ́ ìkápáànù inú ètò náà) ká a.

Àpótí tí igun rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ pátá náà kì í tẹ́; ẹ la igun rẹ̀ díẹ̀.

Tó bá wá tẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi K-factor (nọ́ńbà tí ètò náà fi ń ṣírò gígùn páànù níbi tó ti ká) sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Lórí páànù yìí kan náà, tí ẹ bá ká a ní ìwọ̀n 90 (degree), ìyàtọ̀ K-factor 0.44 sí 0.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mm 0.19 nínú gígùn páànù, níbi kan ṣoṣo tó ti ká. Ẹ ní kí ẹni tó máa ká irin náà fi àjákù dán an wò, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó gé ojúlówó.