Bí Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Lè Wá Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ sí Àdúgbò Tuntun ní Ìlọrin

Ẹni tó bá gba Tánkẹ̀ lọ sí Òkè-Odò, tàbí tó bá ti Ẹyẹnkọ́rin wọ Ìlọrin, yóò rí i pé òrùlé ti kún ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nítòsí ṣì ni èyí tí wọ́n kọ́ fún abúlé àtijọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ju 35 lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọjú sí yàrá ìkàwé kan ní etí ìlú, kí ẹ kà wọ́n fúnra yín. Ẹgbẹ́ onílé tó bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó wá owó.

Kò sí owó ìjọba tó lè kọ́ yàrá ìkàwé sórí ilẹ̀ tí kò sí. Bí ẹbí kan bá ti ń pín ilẹ̀ rẹ̀ sí pílọ́ọ̀tì, ẹ bá olórí ẹbí àti Alángùá, ìyẹn baálẹ̀ ibẹ̀, jókòó kí awọnlẹ̀ tó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tọrọ ibi tó lè gba yàrá ìkàwé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti pápá ìṣeré. Orúkọ àjọ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ìyẹn SUBEB, ni kí ìwé ẹ̀bùn náà jẹ́, kì í ṣe ti alága ẹgbẹ́. Alága a máa kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa pín ogún. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí KW-GIS, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara tó ń rí sí àkọsílẹ̀ ilẹ̀, nítorí láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà. Ní àdúgbò kan tí mo mọ̀, ẹnu lásán ni wọ́n fi ya ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà wọ́n tà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ kọ ọjọ́-orí ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti ń kàwé sílẹ̀. Ẹ ka àwọn ilé tí wọn kò tíì kàn ní páànù pẹ̀lú, nítorí ọmọ ń bọ̀ níbẹ̀.

Orísun owó tó tóbi jù ni UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kan owó ìkọ́lé tó kàn án àfi bí ó bá fi iye kan náà sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Kwara ti jìyà èyí rí: ọ̀pọ̀ ọdún ni UBEC fi dá owó rẹ̀ dúró nítorí pé wọ́n ná èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ sí ohun mìíràn, ó sì di ẹ̀yìn 2019 kí ọ̀nà tó tún ṣí. Nítorí náà, ẹ máa béèrè bóyá owó tí Kwara yóò dá ti wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, àti bóyá àdúgbò yín wà nínú ètò iṣẹ́ tí SUBEB yóò fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí SUBEB, akọ̀wé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín àti aṣòfin ẹkùn yín, kí ẹ fi àwòrán ilẹ̀ àti iye ọmọ tì í, kí ó sì dé ọwọ́ wọn kí òjò tó dáwọ́ dúró, kí wọ́n má baà ti parí ìṣirò ìṣúná náà. Ẹ tún rí i dájú pé ìjọba ìbílẹ̀ tó tọ́ lẹ kọ̀wé sí: Ganmọ dà bí Ìlọrin lójú àlejò, ṣùgbọ́n Ìfẹ́lódùn ló ni ín.

Ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, láti 1986 ni òfin ti gba àjọ ilé-ẹ̀kọ́ láàyè láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé tuntun, gẹ́gẹ́ bí ilé náà bá ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé níhìn-ín náà ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n ń fi ra tiransífọ́mà tàbí tún ọ̀nà ṣe. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa fọwọ́ sí. Ẹ má fi kọ́ yàrá ìkàwé kí SUBEB tó gbà, nítorí òun ni yóò rán olùkọ́ wá. Ògiri àyíká, kànga, àga ìjókòó àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ ná an lé, kí ti àwọn ọmọbìnrin sì wà lọ́tọ̀.