Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fa ilà yí ẹ̀yà ara ká nínú CT, nínú ilé yín n'Íkòròdú

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ radiotherapy, tẹ́ ẹ ń jí lọ ọsibítù LUTH n'Ídìí-Àràbà láti Ìkòròdú, ọ̀fẹ́ ni nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí o. Kí wọ́n tó fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fa ilà yí gbogbo ẹ̀yà ara tí ìtànṣán ò gbọdọ̀ bà jẹ́ ká, nínú CT, ìyẹn síkáànù tó ń ya inú ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ (sláìsì) kan tẹ̀lé òmíì, ọwọ́ á dun èèyàn, wákàtí á sì lọ.

Ẹ dáńlóòdù 3D Slicer, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń wo síkáànù, ẹ wọ Extensions Manager, ẹ fi TotalSegmentator (òun ló ń fa ilà fúnra ẹ̀) àti SlicerRT (tiẹ̀ jẹ mọ́ iṣẹ́ ìtànṣán) sí i, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lo TotalSegmentator, ó máa jẹ dátà gan-an torí fáìlì ńlá ló fẹ́ gbé wọlé, ẹ yáa ti cháàjì láptọ́ọ̀pù dáadáa kí NEPA tó ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn orí láptọ́ọ̀pù yín ló ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé síkáànù aláìsàn kúrò ní ọsibítù, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀! Sample Data inú Slicer wà, tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ikùn lẹ fẹ́, ẹ lọ wá a ní The Cancer Imaging Archive, níbi tí wọ́n ń kó síkáànù tí wọ́n ti yọ orúkọ aláìsàn kúrò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣí TotalSegmentator, ẹ mú CT náà, ẹ yan "total", tí ò bá sí GPU (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń mú irú iṣẹ́ yìí yá) ẹ yan "fast", ẹ tẹ Apply. "Fast" ń fi èérún àwòrán tó jẹ́ 3 mm ṣiṣẹ́ dípò 1.5 mm, torí náà etí nǹkan kéékèèké kì í mọ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò gan-an niṣẹ́. Ká sọ pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, ẹ wo àpò ìtọ̀, ìfun, orí egungun itan, ẹ wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ náà, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ilà tó já láàárín. Afẹ́fẹ́ inú ìfun àti irin tí wọ́n fi sí ìbàdí máa ń da TotalSegmentator láàmú. Rectum (ìparí ìfun ńlá) ò sí lórúkọ tiẹ̀ nínú "total", ẹ̀yin lẹ máa fà á. Kò sì mọ ibi tí jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ wà, dókítà ló máa fa ìyẹn. Tí ilà bá sì ṣì, ìṣirò ìtànṣán á dà bíi pé ó pé, ìfun ìyá oníyàá ló máa jẹ ẹ́.

Ẹ fi Paint àti Erase inú Segment Editor tún un ṣe, ẹ wá fi SlicerRT yí i padà sí RTSTRUCT (fáìlì ilà tí ètò ìṣirò ìtànṣán lè kà), kẹ́ ẹ gbé e fún ọ̀gá yín kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.