Ìgbésẹ̀ Kejì Tó Ga Ju Ti Àkọ́kọ́ Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìkọlù Inú Núkílíọ́ọ̀sì

Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn lọ́dọọdún, ẹnu tó ń béèrè ló ń yàtọ̀. Ẹ ní nútírọ́ọ̀nù 14 MeV (MeV ni a fi ń wọn agbára èérún) kọlu niobium-93, núkílíọ́ọ̀sì irin kan, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣírò agbára tí nútírọ́ọ̀nù tó jáde máa ní, gíráàfù yín kò sì bá ti àwọn tó wọ̀n ọ́n ní yàrá ìwádìí mu. Mo kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ wàyí kí etí mi lè sinmi. Ìbéèrè yín ló ń ṣáájú, ìdáhùn mi á tẹ̀lé e.

Ibi tí agbára ti kéré dára, ṣùgbọ́n ibi tó ti pọ̀ ṣófo.

Ẹ ò tan preequilibrium, ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣírò nútírọ́ọ̀nù tó jáde kí agbára tó pín kárí inú núkílíọ́ọ̀sì. Ẹ tan án.

Mo ti tan án, àmọ́ iwájú àti ẹ̀yìn rí bákan náà.

Apá méjì ni preequilibrium ní, multistep compound nìkan lẹ tan. Nínú ìyẹn, gbogbo èérún ló há sínú núkílíọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Multistep direct ló ń rántí, torí pé ó kéré tán èérún kan ṣì lómìnira àtijáde. Ẹ tan méjèèjì. Bó bá sì jẹ́ exciton model ti Griffin, ti ọdún 1966, tó kàn ń ka iye èérún tí ìkọlù ru sókè, lẹ̀ ń lò, kò fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan nípa igun, ẹ má bú u.

Ṣóńṣó kan wà lápá òpin gíráàfù wọn, tèmi ò ní i.

Ibi tí núkílíọ́ọ̀sì ti ń gbọ̀n lódindi nìyẹn. Lead-208 ní irú rẹ̀ kan ní 2.61 MeV. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi kún un.

Mo gbé V0 sókè díẹ̀, ó sì bá a mu!

Háà. V0 ni agbára tí nútírọ́ọ̀nù àti ará inú núkílíọ́ọ̀sì fi ń tira wọn. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan nínú núkílíọ́ọ̀sì ni mò ń pè ní ìgbésẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ń tẹ̀lé V0 × V0, ìkejì ń tẹ̀lé V0 × V0 × V0 × V0. Ẹ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún V0: àkọ́kọ́ di ìlọ́po 1.44, ìkejì di ìlọ́po 2.07. Ẹ ò tún nǹkan kan ṣe, ẹ kàn fi aṣọ bo egbò ni. Ẹ ṣe é ní ìwọ̀n agbára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó yẹ kí V0 máa rọra wálẹ̀ bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. Bó bá ń tọ káàkiri bíi tata, ohun kan ló kù tí ẹ ò fi sí i, ṣóńṣó òkè yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ìgbésẹ̀ kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jókòó. Èyí jẹ mí níyà.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo ní n kò ní lo kóòdù ẹnikẹ́ni. Mo mú àbá ìgbésẹ̀ púpọ̀ tí àwọn onímọ̀ físíìsì Feshbach, Kerman àti Koonin gbé jáde lọ́dún 1980, mo kọ ọ́ ní ìlà dé ìlà. Ìgbésẹ̀ kejì, tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀bù kékeré ní 14 MeV, wá ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wo unit. Mo wo ìṣírò iye ipò agbára. Mo dín àlàfo ìṣírò kù títí kọ̀ǹpútà fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń bá àmì ìyọkúrò àti àmì ìròpọ̀ jà. Ẹ̀bi wọn kọ́.

Ọ̀gá mi wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Pa apá tó ń gbé ìgbì mì nínú optical potential, kí o tún un ṣe." Optical potential ni àwòṣe bí núkílíọ́ọ̀sì ṣe ń fa ìgbì nútírọ́ọ̀nù, tó sì ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ mì. Mo pa apá náà. Gbogbo àjùlọ náà pòórá. Kì í ṣe pé èsì tuntun náà tọ̀nà o, núkílíọ́ọ̀sì tí kì í gbé nǹkan mì kò sí. Ó kàn fi ibi tí àìsàn wà hàn ni.

Bó ṣe rí nìyí. Láàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì, ìgbì nútírọ́ọ̀nù ń rin inú ohun tó ń gbé e mì. Bí a bá tẹ̀lé ìṣírò náà láìyẹsẹ̀, ìgbì àárín yìí kì í ṣe irú èyí tí DWBA lásán, ọ̀nà tí a sábà fi ń ṣírò ìkọlù ẹyọ kan, ń lò: ìkejì rẹ̀ mìíràn ló ń bá rìn, ó sì ń pín èsì pẹ̀lú S-matrix (S, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì tó jáde ṣe ṣẹ́ kù tó) lẹ́ẹ̀mejì. Bí S bá jẹ́ 0.2 fún ìpín ìgbì kan, a ó pín pẹ̀lú 0.2 × 0.2, ìyẹn 0.04, èsì á sì di ìlọ́po 25. Níbi tí núkílíọ́ọ̀sì ti ń gbé nǹkan mì jù gan-an ni èsì ti ń wú jù! Bí ẹ bá pa apá agbémì náà, ìwọ̀n S di 1, ìwúlé tán.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rí èsì tó bá ìdánwò mu, DWBA lásán ni wọ́n fi rọ́pò ìgbì àárín náà. Feshbach gbèjà ìrọ́pò yìí, ó ní bí a bá gba àárín lórí agbára, pípín pẹ̀lú S yẹn máa lọ. Àwọn mìíràn ò gbà. Títí di òní, mo ń lo DWBA lásán, torí pé ó bá ìdánwò mu. N kò pe ìyẹn ní ẹ̀rí.

Ta ló wá tọ̀nà?

Tamura, Udagawa àti Lenske gbé tiwọn jáde lọ́dún 1982. Nishioka, Weidenmüller àti Yoshida ṣe tiwọn lọ́dún 1988. Àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò lórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìkejì lọ ni wọ́n ti yapa: ti 1980 so ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ra bíi ẹ̀wọ̀n, tó fi yá láti ṣírò; ti 1988 gbà pé nútírọ́ọ̀nù yára débi pé ó ti jáde kí ohun inú tó pòpọ̀. Ní 14 MeV, ìgbésẹ̀ kejì kéré jù láti fi dá ẹjọ́ náà. Ẹ gòkè lọ sí 80 MeV àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì wo igun ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìgbésẹ̀ púpọ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Ṣé mo lè tún kóòdù náà ṣe fúnra mi?

V0 àti ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá kan ìgbì àárín, ẹ wá ẹni tó ti jìyà rẹ̀ rí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Nútírọ́ọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ lómìnira, tó wá há sínú lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kà á sí?

Láàárín direct àti compound ni. Ẹlòmíràn ń pín in díẹ̀díẹ̀ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, ẹlòmíràn ń gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ èyí tí ẹ yàn sílẹ̀ kedere, kí ẹ tó fi gíráàfù ránṣẹ́ sí mi.