Processor tuntun, fóònù tó ṣì ń lọ́ra: ìbéèrè tí kò tán àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ mi ṣáá: "Mo ra fóònù tí processor rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ inú fóònù) jẹ́ tuntun, kí ló dé tí kò yára ju èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀?" Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tún bi mí.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí ni, ó ń gbóná, ó sì ń fà.

Ẹ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Áàpù àti fọ́tò yín ló ṣì ń tò lábẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń fà.

Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ẹ wò ó bóyá ẹ tan ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò, torí pé ó máa ń fa processor sẹ́yìn. Tó bá ń gbóná, ẹ bọ́ èèpo tí ẹ fi wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Core 8 ni tèmi, core 8 ni ti ọ̀rẹ́ mi. Báwo ni tirẹ̀ ṣe yára ju tèmi lọ?

Core ni òṣìṣẹ́ inú processor. Ẹ yé ka iye wọn, ẹ bèèrè orúkọ wọn. Láti 2011 tí Arm, ilé-iṣẹ́ tó ń ya àwòrán core, ti gbé ètò big.LITTLE jáde ni core ńlá àti core kékeré ti ń jọ gbé inú chip (processor) kan ṣoṣo. Ẹ wo processor Snapdragon 625 tó jáde ní 2016: mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni Cortex-A53, core kékeré tó ń gba iṣẹ́ bí wọ́n ṣe tò ó sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá dúró de nǹkan, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á dúró. Core 8 náà ni Helio G99 ti 2022, processor míì, ní, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn jẹ́ Cortex-A76, tó lè fo èyí tó ń dúró, kó mú èyí tó ti ṣetán ṣe. Orí core kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ìka yín ń tẹ̀ máa ń já lé, torí náà core ńlá méjì yìí á fi kékeré mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Nítorí náà, architecture tuntun (ìlànà tí wọ́n fi ya processor) ń mú fóònù yára lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mú un yára, mi ò sì gbà fún àwọn tó ń sọ pé ìpolówó lásán ni. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé orúkọ ara páálí kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2021 ni Arm kéde architecture kan tó ń jẹ́ Armv9. Cortex-X2 tó tóbi jẹ́ Armv9, Cortex-A510 tó kéré náà jẹ́ Armv9, iṣẹ́ wọn ò sì jọra rárá.

Ọwọ́ tó ṣe chip náà tún wà ńbẹ̀. Core kan náà ló wà nínú Snapdragon 8 Gen 1 àti 8+ Gen 1 ti 2022. Samsung ló ṣe ti àkọ́kọ́, TSMC, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe chip, ló ṣe èkejì, Qualcomm tó ni Snapdragon fúnra rẹ̀ sì sọ pé èkejì lè fi tó 30% dín agbára tí core rẹ̀ ń jẹ kù. Chip tó bá gbóná á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, bí architecture rẹ̀ ti wù kó tuntun tó.

Ìbéèrè: Chip tuntun ni, kò gbóná, àyè pọ̀ nínú rẹ̀, mo ti reset rẹ̀, ó ṣì ń hang.

Ẹ jókòó ti èyí, torí ó fojú mi rí màbo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé irú rẹ̀ wá. Ó ní, "Àbúrò, èyí tí mo fi sílẹ̀ sàn ju èyí lọ." Tó bá fẹ́ kọ nǹkan, keyboard á pẹ́ kó tó jáde, lẹ́tà tó tẹ̀ ò ní hàn, àfi ìgbà tó bá yá tí gbogbo wọn á ya jáde pọ̀.

Mo reset rẹ̀, ó ń sáré. Mo dá a padà fún un, kò pẹ́, ó tún gbé e wá. Mo tún ṣe é, ibi tí a ti kúrò náà la tún padà sí. Mo wá gbé áàpù tó ń fi ìyára core kọ̀ọ̀kan hàn sí igun ojú fóònù, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi hang. Èrò mi ni pé gbogbo core á ti sáré dé góńgó. Rárá o. Ńṣe ni gbogbo wọn lọ sílẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ kò wọ processor lọ́rùn; kò rí iṣẹ́ ṣe ni, ó ń dúró de ẹni tó ń gbé e bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá gbà á padà, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe sí i?" Ó ní òun á ki mẹ́mọ́rì káàdì òun bọ̀ ọ́, tí fóònù bá sì bèèrè, òun á ní kó fi káàdì náà kún àyè ti ara rẹ̀. Láti Android 6.0 ti 2015 ni ìyẹn ti wà. Áàpù rẹ̀ ti kó lọ sórí káàdì!

Class 10 ni wọ́n kọ sára káàdì náà. Ohun tíyẹn ń ṣèlérí ò ju pé ó lè kọ fáìlì gbọọrọ, bíi fídíò, ní MB 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Áàpù kì í ka fáìlì bẹ́ẹ̀. Ó ń já díẹ̀ níbí, ó ń já díẹ̀ lọ́hùn-ún. Káàdì tí wọ́n kọ A1 sí lára ló ṣèlérí pé òun á lè ka irú ìjájá bẹ́ẹ̀ 1500, òun á sì kọ 500, ó kéré tán, ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Tó bá jẹ́ tiyín nìyí, ẹ má kàn fa káàdì yọ: fóònù yẹn nìkan ló lè kà á, áàpù tó wà lórí rẹ̀ á sì pòórá. Ẹ lọ sí ibi storage nínú settings, ẹ dá data padà sínú fóònù, ẹ da fọ́tò yín kọ síbòmíràn, kí ẹ tó wá format káàdì náà fún fọ́tò àti orin nìkan. Processor kan náà ni, àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọwọ́ kan ojú fóònù ni keyboard ń yọ.

Ìbéèrè: Èmi ò lo káàdì rárá.

Ẹ wá irú storage (ibi tí fóònù ń kó áàpù àti fáìlì sí) tó wà nínú rẹ̀. Irú méjì ló wọ́pọ̀, eMMC àti UFS: eMMC 5.1 kò lè kọjá MB 400 ní ìṣẹ́jú àáyá, UFS 3.1 lè súnmọ́ 2900. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń kó core tuntun lé eMMC lórí. Ẹ ò lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kàn má jẹ́ kó kún: kò lè kọ nǹkan tuntun lórí àtijọ́ láìkọ́kọ́ pa á rẹ́.

Ìbéèrè: Ó yára nígbà tí mo rà á, ọdún kẹta rèé.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ní December 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín ìyára iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, kó má baà máa kú lójijì. Bátìrì tuntun ló ń dá ìyára náà padà. Tí ẹ̀yìn fóònù bá ti wú, ẹ má chárjì í mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́ lónìí.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ bátìrì, ó ń kú fúnra rẹ̀ tí mo bá ṣí kámẹ́rà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òjé tí wọ́n fi lẹ abẹ́ chip mọ́ pátákó inú fóònù ló ti ṣí. Ẹ má fi iná gbígbóná fẹ́ ẹ nítorí pé ẹ rí fídíò kan. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, orí processor gan-an ni wọ́n lẹ RAM (ibi tí fóònù ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) mọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró á ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó data yín kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń tàn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.