Owó ń ṣòfò, ara sì ń bó: àwọn àṣìṣe tí mò ń rí nínú láàbù

Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba àkọlé iṣẹ́ ìwádìí wọn báyìí, ọjà ni wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á ti ra kẹ́míkà tán kí wọ́n tó wá bá àwa tí a ń bójú tó láàbù. Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, owó kajú, owó iṣu àti owó epo ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ó ń dùn mí wọra bí wọ́n bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò wúlò, tí ohun tí ì bá dáàbò bò wọ́n sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkọ́kọ́, wọ́n ń rà ju ohun tí iṣẹ́ wọn nílò lọ. Ẹni tí mílílítà 200 n-hexane, kẹ́míkà olómi tí a fi ń yọ epo lára èso, yóò tó á gbé odindi ìgò lítà 2.5 wá, torí pé ẹni tó tà á bá a dín owó. Níbo ni ìyókù yóò gbé? Abẹ́ tábìlì. Ìwé àlàyé ààbò tí gbogbo wa ń pè ní SDS wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, apá 16 ló ní. Ẹ ka apá 7 kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kẹ́míkà náà. Ẹ ka apá 8 fún ohun tí ẹ ó wọ̀, apá 4 fún ohun tí ẹ ó ṣe bó bá kàn yín lára.

Ìkejì ni ti ìgò, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Kí ni ásíìdì ń wá nínú ìgò omi mímu? Ẹni tó ń ta kẹ́míkà ní wẹ́wẹ́ á bù ú sínú ìgò ike tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán. Ẹni tó rà á á kì í bọ báàgì, á wọ bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin, á gba Òmù-Àrán àti Ẹ̀gbẹ̀ wálé, tòun ti gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan gbé nitric acid wá bẹ́ẹ̀ lórí itan. Ìdérí ìgò náà kò dè. Kí wọ́n tó dé Mópà, ásíìdì ti jẹ báàgì, ó ti jẹ ìwé inú rẹ̀, ó sì ti kan ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Awakọ̀ dúró, àwọn èrò ọkọ̀ ń pariwo kí wọ́n wá epo pupa. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà ló ní omi ni kí wọ́n máa dà sí i, tó sì ń já ọ̀rá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e lórí. Ìyá yẹn ló gba ẹsẹ̀ ọmọ náà là. Omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì bọ́ aṣọ tó bá ti kàn kúrò lára. Kì í ṣe epo, kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Bí ìgò ọ̀hún bá sì gúnlẹ̀ láìjò, wàhálà mìíràn ló kù. Ásíìdì kò láwọ̀, hexane kò láwọ̀, omi náà kò láwọ̀. Nínú oṣù Kẹta tí oòrùn ń mú ganrínganrín, ta ló ń yẹ ìgò wò kó tó gbé e sẹ́nu? Mo ti bá irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú fìríìjì, mo ti bá a lójú fèrèsé, mo sì ti gbọ́ pé ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń dáná. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Sà, a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.” Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Àbúrò yín tó wá kí yín kò mọ̀ ọ́n. Ásíìdì líle kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ èrò rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka yín béèrè fún un, kí ọkọ̀ ẹrù gbé e wá nínú ìgò tí ilé iṣẹ́ fi dì í. Bí ẹ bá sì bù ú sínú ohun mìíràn ní láàbù, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe le tó, ọjọ́ àti orúkọ yín sí i lára.

Ẹ̀kẹta, ìbọ̀wọ́. Wọ́n á ra páálí ìbọ̀wọ́ latex, ti rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ilé oògùn, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Latex kì í dá hexane dúró. Ní 1996, Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, wọ ìbọ̀wọ́ latex, dimethylmercury, kẹ́míkà olómi tó lóró gan-an, sì kán sí i lórí. Ìkán díẹ̀ péré ni. Ó gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé, obìnrin náà sì kú ní oṣù Kẹfà 1997. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ yìí. Nitrile, ìbọ̀wọ́ rọ́bà irú mìíràn, ni kí ẹ rà fún hexane, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti kán sí i. Ìbòmú ìgbà kòrónà kì í dá oru kẹ́míkà dúró, ẹ má fowó ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí kajú, ẹ sì pọ̀ níbí: anacardic acid wà nínú epo èèpo rẹ̀, ara a sì máa lé ròrò, a sì máa bó. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá wa tó ń yan kajú. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọwọ́ lásán fọ́ èèpo, á tún fi nu ojú.

Soxhlet, ohun èlò gíláàsì tí a ń gbé hexane kaná nínú rẹ̀ láti yọ epo, òun wá ńkọ́? Wọn á tàn án sílẹ̀ lóru, wọn á lọ sùn. Omi tó ń gba ara condenser, túùbù ìtutù tó wà lókè rẹ̀, kọjá ló ń sọ oru hexane di olómi padà. Lẹ́ẹ̀rùn, táńkì a máa gbẹ, omi á dá, iná kò sì ní dá. Oru hexane fi bí ìlọ́po mẹ́ta wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, títí yóò fi kan ohun tó ń ta pàrà, ì báà ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí fìríìjì. Bó ti wù kí ọyẹ́ mú tó, hexane lè gbiná, torí pé láti nǹkan bíi -22°C ni oru rẹ̀ ti ń ràn. Ẹ fi owó ìbòmú yẹn ra pọ́ǹpù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kó máa yí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan po, kí ẹ sì so òun àti ohun tó ń gbé hexane kaná mọ́ orísun iná kan náà. Bí iná bá lọ, àwọn méjèèjì á dákẹ́ pọ̀. Ẹ jókòó tì í síbẹ̀síbẹ̀. Bí fume cupboard, àpótí tó ń fa oru kẹ́míkà síta, bá sì dákẹ́, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀, ẹ jáde.

Òwú ni kí télọ̀ fi rán ẹ̀wù láàbù yín. Polyester a máa yọ́ mọ́ ara. Ní oṣù Kejìlá 2008, tert-butyllithium, kẹ́míkà tó ń gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, gbiná mọ́ Sheri Sangji, ọmọ ọdún 23, lọ́wọ́ ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà; kò wọ ẹ̀wù láàbù, súwẹ́tà rẹ̀ sì gbiná. Ó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ásíìdì la ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Ẹ má fẹnu fa pipette, túùbù tí a fi ń wọn kẹ́míkà olómi.

Ẹ má da hexane sínú síńkì. Ìgò tí a ń da èyí tí a ti lò sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Kí ẹ sì tó ra ohunkóhun, ẹ wá wo sítóò. Àwọn tó ti jáde fi kẹ́míkà sílẹ̀ níbẹ̀, òmíràn wà tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já. Ether, kẹ́míkà olómi mìíràn, tó ti pẹ́ nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Peroxide, èròjà tó ń bú gbàmù, a máa kóra jọ sínú rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù níbi tí ẹ ti ń yí ìdérí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ wá pè mí.